Òòyì Ojú Omi: Ohun tí Aráyé ti Lò láti Wò Ó, àti Ohun tí Ó Yẹ kí Awo Mọ̀

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.

     

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbì ti gbé sókè, tí ó sì tún gbé sọ̀ kalẹ̀, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òòyì ojú omi ni a ń wí: òòyì tí ń kọ́ ni, itọ́ tí ń kún ẹnu, òógùn tútù tí ń bo iwájú orí, àti èébì tí ń tẹ̀lé e. Ní gbogbo ìgbà tí àwa awo bá ń re etí òkun lọ bọ Olókun, a máa ń rí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀, tí ó jẹ́ pé gbígbé ni a gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan a bi wá pé kí ni àwọn lè jẹ. Àwọn kan a bi wá pé kí ni àwọn lè so mọ́ ọrùn. Àwọn tí ń kiri oògùn ní èbúté kì í tilẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ènìyàn ń bi wá, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń dáhùn. Kí a tó ṣe àlàyé, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan tí ojú wa rí.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí a ṣì ń ru àpò olúwo wa, a bá a lọ sí ìlú kan ní etí òkun ní ẹkùn Ìlàjẹ. Odò tóóró ni a kọ́kọ́ gbà, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì ń bá ara wọn ṣàwàdà. Nígbà tí ọkọ̀ yọ sí gbangba òkun, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í bì wá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Obìnrin kan wà níwájú wa pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá rẹ̀ rí ìdè Ifá tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ wa, ó ní, “Ẹ̀yin awo, ẹ dákun, kí ni mo lè fún un?” Olúwo wa wà ní iwájú ọkọ̀, kò gbọ́. Àwa ọmọ awo kò mọ ohun kan tí a lè sọ, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí a sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tí ń kiri oògùn bá na ìgò kékeré kan sí ìyá náà, ó ní oògùn òun kò kùnà lójú omi rí. Obìnrin náà wo ojú wa. A mirí sí i pé kí ó gbà á.

Lóòótọ́, èébì náà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, ẹnu ọmọ náà gbẹ, ara rẹ̀ gbóná, ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ṣa ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí nínú afẹ́fẹ́. Ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó fẹ́ rìn wọ inú òkun bí ẹni tí ń sọdá àgbàlá. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó dì í mú títí a fi gúnlẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀.

Olúwo wa pe ọkùnrin olóògùn náà, ó bi í ohun tí ó wà nínú ìgò. Ó ní hóró gẹ́gẹ́mu ni òun rẹ sínú ògógóró. Olúwo wa ní, “Hóró mélòó?” Ọkùnrin náà ní òun kì í kà á. Nígbà náà ni bàbá yí sí àwa, wọ́n ní, “Ta ni ó mirí sí obìnrin yẹn nínú yín?” A dorí kodò. Wọ́n ní, “Ẹ kò fún un ní oògùn, ẹ̀rí ni ẹ fún un. Ẹ̀rí yín ni ó gbà fún ọmọ rẹ̀ mu.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà. Òun ni ó mú kí a máa wádìí ohun tí aráyé ń lò fún òòyì ojú omi, nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn ọmọ wa tí ó kàwé bá wa ṣí ìwé, àwa náà sì bi àwọn apẹja léèrè. Ohun tí a rí ni a fẹ́ pín sí agbọ̀n mẹ́ta lónìí: agbọ̀n ohun tí ń tu ọkàn nínú nìkan, agbọ̀n ohun tí ó kan àìsàn náà gan-an, àti agbọ̀n ohun tí ń pa ni. Awo tí kò bá mọ agbọ̀n tí oògùn ọwọ́ rẹ̀ ti wá, kí ó má nà án sí ẹnikẹ́ni.

Kí ni òòyì ojú omi gan-an? Ọ̀pọ̀ ń rò pé inú ni àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èébì ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún etí ènìyàn, lẹ́yìn ibi tí a fi ń gbọ́ràn, ọ̀pá róbótó tín-ín-rín mẹ́ta wà tí omi kún inú wọn. Bí a bá yí orí, omi náà a mì, a sì ròyìn fún ọpọlọ pé ara ń yí. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bí yanrìn tún wà lẹ́bàá wọn tí ń sọ fún ọpọlọ bóyá a ń lọ sókè tàbí a ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí a bá jókòó sínú ọkọ̀, ojú a máa wo pákó ọkọ̀ tí kò kúrò níwájú rẹ̀, a sì wí pé a jókòó jẹ́ẹ́. Etí a wí pé rárá, a ń fò, a ń wọlẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì kò sọ ohun kan náà, ọpọlọ kò sì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Nínú ìdààmú yẹn ni ìrìndọ̀ ti ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ìtàn àwọn ọkùnrin 11 kan láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Gallaudet ní Washington, tí àwọn adití ń lọ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà mú wọn láti fi wọ́n ṣe ìdánwò fún ìrìn àjò ojú òfuurufú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni àìsàn ti ba inú etí wọn jẹ́ láti kékeré. Wọ́n gbé wọn wọ ọkọ̀ ní ojú òkun Nova Scotia ní Kánádà, níbi tí ìjì ti ń jà. Àwọn adití náà jókòó, wọ́n ń ta káàdì. Àwọn oníṣègùn tí ó fẹ́ wò wọ́n ni òòyì kọ́ títí wọn kò fi lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ. Etí tí kò lè ròyìn kò lè bá ojú jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí agbọ̀n kìn-ín-ní, ti ohun tí ń tu ọkàn nínú. Ní Japan, àwọn àgbà a máa mú èso kan tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́ títí ó fi kan gógó, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdodo arìnrìn-àjò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìyá kan a máa ní kí ọmọ jókòó lé bébà, tàbí kí ó tẹ́ bébà aláwọ̀ ilẹ̀ sí inú aṣọ ní ikùn. Kò sí ohun tí ìdodo tàbí ìdí lè bá etí sọ. Síbẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ tútù lẹ nǹkan mọ́ lára a máa balẹ̀ ọkàn, ìbẹ̀rù a sì dín kù, ìbẹ̀rù sì wà lára ohun tí ń mú èébì yá. Nítorí náà a kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí a má sì rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni ó wà nínú agbọ̀n yìí. Ní 1864, oníṣègùn kan ní London tí ń jẹ́ John Chapman tẹ ìwé jáde pé kí a fi àpò rọ́bà tí yìnyín kún inú rẹ̀ lé egungun ẹ̀yìn aláìsàn. Ní 1868, òòyì ojú omi dá Henry Bessemer gúnlẹ̀ láàárín Calais àti Dover. Ọlọ́rọ̀ ni, òun ni ó rí ọ̀nà tuntun tí a fi ń ṣe irin líle lọ́pọ̀ yanturu. Ó pinnu láti kan ọkọ̀ tí yàrá ńlá inú rẹ̀ yóò rọ̀ bí ìtẹ́ ọmọ, kí ìgbì má lè mì ín. Wọ́n kan ọkọ̀ náà ní tòótọ́. Ní 1875 tí wọ́n fi gbé èrò, kò gbọ́ ti atukọ̀, ó lọ kọlu èbúté Calais. Ibẹ̀ ni owó àti èrò náà parí sí. Ẹni tí ó ní owó púpọ̀ lè fi owó rẹ̀ ra asán, gẹ́gẹ́ bí tálákà ti lè fi kọ́bọ̀ kan rà á.

Agbọ̀n kejì ni ti ohun tí ó kan àìsàn náà gan-an. Atalẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ mú jáde. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń jẹ atalẹ̀ lójú omi. Ní 1988, àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Denmark kéde ìdánwò kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 80 ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí òkun líle kò tíì mọ́ lára. Wọ́n fún àwọn kan ní ìyẹ̀fun atalẹ̀ tí ó wọn gíráàmù kan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìyẹ̀fun tí kò ní agbára kankan, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbà. Èébì àti òógùn tútù dín kù lára àwọn tí ó gba atalẹ̀. Ìrìndọ̀ wọn kò dín tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdánwò mìíràn wà tí kò rí irú àǹfààní yìí. Nítorí náà, bí a bá fún ènìyàn ní atalẹ̀, ohun tí ó yẹ kí a wí ni pé, “Ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́.” Kí a má wí pé, “Kò lè bì mọ́.” Aboyún àti ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n bi oníṣègùn wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́ púpọ̀.

Àwọn ará Ṣáínà tún mọ ojú ibi kan ní ọrùn ọwọ́, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ìlà àtẹ́lẹwọ́, láàárín iṣan méjì, tí wọn a máa fi àtàǹpàkò tẹ̀. Wọ́n ti ń ta okùn ọwọ́ tí ó ní kókó fún un báyìí. Àwọn kan ní ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ìdánwò kò sì fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Kò ní ewu.

Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá tí ó wọ ọkọ̀ Beagle láti ìparí 1831 títí di 1836, kò bọ́ lọ́wọ́ òòyì omi ní gbogbo ìrìn àjò náà. Ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé èso àjàrà gbígbẹ nìkan ni inú òun ń gbà, òun a sì dùbúlẹ̀ sínú ibùsùn àsorọ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ tí kò lọ́ràá sàn ju inú òfìfo lọ, ẹni tí ó bá sì dùbúlẹ̀ tí ó di ojú ti dá ẹ̀rí ojú dúró, ìjà sì dín kù.

Oògùn tí àwọn apẹja fi hàn wá kò sí nínú ìgò rárá. Wọ́n ní kí a jókòó sí àárín ọkọ̀, níbi tí mímì rẹ̀ kéré jù. Wọ́n ní kí a kọ ojú sí iwájú, kí a máa wo ibi tí ọ̀run àti omi ti pàdé, kí a má wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí a má sì kàwé. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ojú bá ń wo ọ̀nà jíjìn, òun náà yóò rí i pé a ń mì, ẹ̀rí rẹ̀ yóò sì bá ti etí mu. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wa, kí a jìnnà sí èéfín ẹ̀ńjìnnì. Wọ́n ní kí a gbóòórùn èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ bí òórùn epo bá ń dà wá láàmú. Ní paríparì rẹ̀, wọ́n ní kí a ní sùúrù, nítorí pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, kọ̀wé ní 1804 pé títí di ìgbà náà ara òun kì í yá bí afẹ́fẹ́ bá le. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún aláìsàn pé ojo ni.

Agbọ̀n kẹta ni ti ohun tí ń pa ni. Àwọn atukọ̀ Òyìnbó àtijọ́ a máa sọ fún ẹni tuntun pé kí ó so okùn mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, kí ó gbé e mì, kí ó sì fà á jáde. Ẹ̀fẹ̀ ìkà ni, kì í ṣe oògùn. Àwọn mìíràn a ní kí ènìyàn mu omi òkun. Iyọ̀ inú omi òkun pọ̀ ju èyí tí ara lè tú jáde lọ. Ẹni tí ó ti bì títí tí omi ara rẹ̀ gbẹ, tí a tún fún ní omi òkun, a ń yára pa á ni. Omi tútù tí ó mọ́, ní díẹ̀díẹ̀, tàbí omi iyọ̀ òun ṣúgà tí a pò bí àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa, ni ó yẹ ẹ́. Ọtí líle náà wà nínú agbọ̀n yìí. Ọtí fúnra rẹ̀ a máa da omi inú etí rú, ẹni tí ó sì mutí yó kò lè di ọkọ̀ mú.

Gẹ́gẹ́mu ni ó kù. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Ọkùnrin tí ó fún ọmọ yẹn ní hóró gẹ́gẹ́mu kò parọ́ nígbà tí ó ní ó ń dá èébì dúró. Nínú gẹ́gẹ́mu àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hyoscine wà. Ó wà lára oògùn tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun tí ó re òkun lọ sí Normandy ní 1944. Ní 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà bí ohun pẹlẹbẹ kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i: gíráàmù kan tí a pín sí ẹgbẹ̀rún, díẹ̀ nínú ìdá kan péré ni ó ń wọ ara ní ọjọ́ kan. Hóró gẹ́gẹ́mu kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ti ilẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ ọ̀hún, ti òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí awo tí ó lè fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Ewé náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ tí kò ní ìwọ̀n ni ó sọ ọ́ di májèlé. Nítorí náà a ń sọ ọ́ ní gbangba pé kí ọmọ awo kankan má fi gẹ́gẹ́mu wo òòyì, ì báà ṣe lójú omi, ì báà ṣe nínú mọ́tò.

Ìtàn kan kù tí ó dùn mọ́ wa nínú. Ní 1947, oníṣègùn méjì ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, Gay àti Carliner, ń fi oògùn tuntun kan wo obìnrin kan tí ara ń yún. Obìnrin náà wá sọ fún wọn pé òòyì tí í máa kọ́ òun nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro kò kọ́ òun mọ́. Wọn kò sọ pé kì í ṣe ohun tí ó bá wá nìyẹn. Wọ́n fi etí sílẹ̀, wọ́n mú oògùn náà lọ dán wò nínú ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun tí ń ti New York lọ sí Jámánì, ó sì ṣiṣẹ́. Òun ni Dramamine tí wọ́n ń tà títí di òní, tí ó sì máa ń mú ni sùn. Lẹ́nu ẹni tí ó wá dífá ni ìmọ̀ ti ń jáde, bí awo bá lè gbọ́.

Kí ni a wá ń wí fún ẹ̀yin ọmọ awo? Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè lójú omi, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó jókòó sí àárín ọkọ̀, kí ó wo ọ̀nà jíjìn, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí ó bá fẹ́ atalẹ̀, ẹ fún un níwọ̀nba. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ wúre fún un, ẹ wúre, nítorí pé ọkàn tí ó balẹ̀ dára fún ara. Bí ó bá di ilẹ̀ tí òòyì kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tàbí tí ibà àti orí fífọ́ bá a wá, ẹ má ṣe sọ pé Olókun ni ó ń bínú. Ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kí wọ́n wo etí rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì mọ ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ kì í ṣe àbùkù fún awo; a ti rí ohun tí ìtìjú àìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fà.

Àwọn àgbà ní omi ni a ó tẹ̀ kí a tó tẹ iyanrìn. Kò sí ẹni tí ó lè fo omi náà kọjá láti bọ́ sórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀nà lè di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú títí wọ́n yóò fi jọ gúnlẹ̀. Ìyá inú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn kò bi wá léèrè nítorí pé a gbọ́n. Ìdè tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ wa ni ó rí, ó sì gbà pé ẹni tí ó so ó kì í purọ́.

Kí Olókun má ṣe gbé wa mì. Kí ewé má ṣe di ọ̀tá lọ́wọ́ wa. Kí ọkọ̀ gbogbo wa gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, kí a sì tún ojú ara wa rí lọ́dún tí ń bọ̀. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.